Ọwọ́ Àga Karùn-ún

Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó ka ìtàn yìí, kí ẹ sì kó ọwọ́ yín síbi tí ojú ti lè rí i. Obìnrin tó ni ọ̀rọ̀ náà ló ní kí n kọ́kọ́ kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ó ní kí n má dárúkọ òun, nítorí náà, ohun tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ ni èmi náà yóò máa pè é: Àǹtí Alálàyé.

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ilé àwòrán kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé ńlá tí wọ́n kun ní funfun, níbi tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sí kí àwọn èèyàn lè wá wò ó. Bí àlejò bá wọlé, òun ni yóò mú wọn yípo, tí yóò máa sọ ohun tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wí fún wọn.

Ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ. Nígbà kan, agbálẹ̀ gbàgbé korobá àti aṣọ ìnulẹ̀ sí àárín yàrá kan, Àǹtí Alálàyé dúró ti korobá náà, ó ní ìyá kan ni, ìyá tó tọ́mọ tọ́mọ tí àwọn ọmọ wá fi í sílẹ̀ lọ. Àwọn àlejò ti ń nu omi ojú, àwọn mìíràn ti ń ya fọ́tò, kí agbálẹ̀ tó wá gbé korobá rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò bínú. Wọ́n ní iṣẹ́ ọnà tó ń rìn ni.

Ọkọ rẹ̀, Bàbá Ìbejì, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé iṣẹ́ omi ló wà, páìpù ló ń yẹ̀ wò kiri. Àwọn ìbejì ti lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀, ó wá ku tọkọtaya. Ohunkóhun tí ẹ bá bi ọkùnrin yìí, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín, yóò wá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Oúnjẹ ńkọ́? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ńkọ́? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ló fẹ́ ọkùnrin tó rọrùn jù láyé.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ilé iṣẹ́ omi ní kí Bàbá Ìbejì wá ṣe ọ̀gá ní ẹ̀ka wọn tó wà ní ìlú mìíràn, ibi tó jìnnà gan-an. Ó lè gbà, ó sì lè kọ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sídìí tábìlì oúnjẹ.

"Ìyá Ìbejì, wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí ìlú míì. Mò ń rò ó pé..."

"Ẹ̀ ń rò ó pé ẹ ò ní lọ," ni ìyàwó rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Mo ti rí i lójú yín. Ẹ̀yin kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ìrìnàjò. Ẹ kàn ń wá ẹni tó máa sọ fún yín pé kò burú téèyàn bá kọ̀ ni. Ó dáa, èmi ti sọ ọ́."

Ọkùnrin náà fa àwo rẹ̀ mọ́ra. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní.

Ọ̀rọ̀ parí, lójú ìyàwó. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ìlú jíjìn yìí, torí pé òun ló kù díẹ̀ kó tú ilé náà ká. Bàbá Ìbejì kò kọ̀ ọ́ rárá. Ó fi í sínú, ó ń rò ó bóyá kí òun kúkú dá lọ, kí òun má padà wá mọ́.

Ìgbà yẹn náà ni Oníṣẹ́-ọnà gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé ilé àwòrán.

Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni Oníṣẹ́-ọnà yìí, eruku funfun kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó ń wá àwọn èèyàn lásán tí òun yóò fi ọwọ́ wọn ṣiṣẹ́. Wọ́n á wá jókòó sídìí tábìlì, á ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, á wá máa bi wọ́n ní ìbéèrè tó wọnú lọ. Nígbà tí ẹnu bá ń rẹ́rìn-ín lókè, á fi símẹ́ńtì funfun, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọsibítù fún ẹni tí apá rẹ̀ kán, gba àwòrán ọwọ́ wọn nísàlẹ̀.

Wọ́n tẹ ìwé pélébé láti fi kéde rẹ̀. Àǹtí Alálàyé mú ọ̀kan lọ sílé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì.

"Bàbá Ìbejì, ẹ wá wo nǹkan. Èèyàn á kúrò nílé rẹ̀, á lọ ki ọwọ́ bọ símẹ́ńtì, á wá jókòó máa rẹ́rìn-ín. Ta ni ò rí iṣẹ́ ṣe tó bẹ́ẹ̀?"

Bàbá Ìbejì ka ìwé náà láti òkè délẹ̀. Ó bu omi mu, ó ti ilẹ̀kùn fìríìjì pa.

Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, wọ́n tò ó sí yàrá tó tóbi jù. Tábìlì gígùn kan ni, pẹ̀lú aṣọ funfun tó balẹ̀ yíká, àwo àti ife lórí rẹ̀, àga mẹ́jọ. Níbi tó yẹ kí orí ẹni tó jókòó wà, fọ́tò ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín ni Oníṣẹ́-ọnà fi okùn rọ̀ láti òkè àjà. Ẹnu kan náà ni gbogbo wọn, eyín kan náà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ tó ká aṣọ funfun yẹn sókè, ibẹ̀ ni yóò ti rí ọwọ́. Òmíràn di ìka mọ́ra. Òmíràn ń ha orúnkún. Òmíràn fa etí aṣọ bí ẹni fẹ́ fà á ya. Orúkọ tí Oníṣẹ́-ọnà sọ iṣẹ́ náà ni "A Dúpẹ́".

Oníṣẹ́-ọnà mú Àǹtí Alálàyé bẹ̀rẹ̀ sídìí àga karùn-ún. Ọwọ́ ọkùnrin ni, ó ki àtàǹpàkò bọ inú ẹ̀ṣẹ́, ó fi ìka yòókù bò ó pinpin. Àpá kan wà lẹ́yìn ọwọ́ òsì, ó hunjọ.

"Àǹtí, kí lẹ rí?"

Àǹtí Alálàyé kó ẹnu sí i. Ó sọ̀rọ̀ nípa ayé òde òní, nípa àwọn ọkùnrin tí wọn kì í sunkún, nípa ẹni tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tó ń tutọ́ funfun jáde. Ó sọ ọ́ títí ẹsẹ̀ fi ń ro òun fúnra rẹ̀ níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí.

Oníṣẹ́-ọnà ní sùúrù. "Ó dára," ó ní. "Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ rí ni mo bi yín."

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn."

"Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún àwọn èèyàn. Ẹ kàn ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí, kí ẹ sì dákẹ́."

Kí Alálàyé dákẹ́ kẹ̀? Ẹ bá ní kí ẹja má lúwẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ kìíní, ó gbìyànjú lóòótọ́. Ó ní kí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀, ó bi wọ́n léèrè, ó dákẹ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò, wọ́n dìde, wọ́n gbọn eruku orúnkún wọn, wọ́n lọ. Obìnrin kan tiẹ̀ ní, "Ṣé ìyẹn náà ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún bí ẹni pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ po símẹ́ńtì náà.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n dé àga karùn-ún, ahọ́n rẹ̀ ò gbà fún un mọ́.

"Ẹ wo ọwọ́ yìí dáadáa," ó ní. "Ọkọ ilé ni. Ṣé ẹ rí àtàǹpàkò tó fi pamọ́? Ọkùnrin yìí ní àlè."

Àwọn àlejò pariwo ẹ̀rín. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń forí gbá ara wọn. Àwọn tó ti ń jáde lọ padà wọlé.

Bí ìdánwò ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í wá pẹ̀lú ìwo lórí. Ìpàtẹ́wọ́ ló máa ń bá wá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àlè náà ti dàgbà. Ó ti ní ìborùn aláwọ̀ ọsàn. Ó ti ní ilé alájà kan lẹ́yìn ibùdókọ̀, ó sì ti ń bínú pé ọkùnrin náà ò ra fìríìjì fún òun. Àpá ẹ̀yìn ọwọ́ ńkọ́? Àlè ló bù ú jẹ, lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà ní òun fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyàwó òun. Nígbà tó bá wá kan ìyàwó, Àǹtí Alálàyé á rọ ohùn sílẹ̀.

"Ìyàwó ńkọ́?" ni yóò sọ, tí yóò gbọwọ́ lé àyà. "Àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí jù. Ó wà nílé, ó rò pé òun fẹ́ ọkùnrin tó rọrùn. Òun ló máa gbọ́ gbẹ̀yìn."

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọkọ wọn wá síbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Wọ́n á ní kó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa wo ojú rẹ̀, wọn ò ní wo ọwọ́ símẹ́ńtì. Obìnrin kan tó máa ń wọ bàtà pupa sọ fún Àǹtí Alálàyé pé òun ti lé ọkọ òun lọ sùn sí pálọ̀, nítorí pé òun bá àtàǹpàkò rẹ̀ nínú ẹ̀ṣẹ́ nígbà tó ń sùn.

"Ẹ ṣeun, Àǹtí," ó ní. "Ẹ là mí lójú."

Ọ̀gá Àgbà ilé àwòrán, ọkùnrin kan tó máa ń di ojú nígbà tó bá ń wo àwòrán kó lè wò ó dáadáa, pè é sí ọ́fíìsì. Ó ní irú àlàyé báyìí, òun ò gbọ́ ọ rí. Ó ní ipò Olórí Alálàyé ṣófo, àti pé bí ọjọ́ ìparí bá lọ dáadáa, òun mọ ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀. Ẹsẹ̀ Àǹtí Alálàyé ò kanlẹ̀ mọ́ títí ó fi délé.

Ẹ jẹ́ ká délé náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń jẹun, Bàbá Ìbejì gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Mo gbọ́ pé àga karùn-ún yẹn ti di gbajúmọ̀. Kí lo rí níbẹ̀?"

Inú ìyàwó dùn dé ìdí. Ó dìde, ó ti àga sẹ́yìn, ó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe é fún àlejò. Ó ṣe ohùn àlè, ó ṣe bí wọ́n ṣe bu ọwọ́ jẹ, ó gbọwọ́ lé àyà nígbà tó kan ìyàwó. Bàbá Ìbejì jókòó, ó ń gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ ò bẹ̀rẹ̀ wò ó, kí ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fún nínú ilé ara rẹ̀?

"Ó lè jẹ́ pé ó kàn rẹ ọkùnrin náà ni," Bàbá Ìbejì ní.

"Rárá o. Ẹni tó rẹ̀ kì í fi àtàǹpàkò pamọ́."

"Tàbí kó ní ohun tó fẹ́ sọ."

"Bàbá Ìbejì, ṣé mo ń bá yín yẹ páìpù wò? Ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. Ó kó àwo méjèèjì lọ sí ilé ìdáná, ó fọ̀ wọ́n.

Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá Ìbejì kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá àwọn ìbejì. Ó ní ooru ń mú òun. Àǹtí Alálàyé ṣàlàyé rẹ̀ fún ara rẹ̀ pé ọkùnrin tó bá ti ń dàgbà, ooru máa ń mú un. Ó dín oúnjẹ kù. Àlàyé: ikùn rẹ̀ ló fẹ́ kó wọlé. Ó gbé àpótí ìrìnàjò sọ̀kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, ó nù ún, ó ṣí i sílẹ̀ kó gba afẹ́fẹ́. Àlàyé: ó fẹ́ràn ìmọ́tótó. Obìnrin tó mọ ohun tí korobá ń rò kò mọ ohun tí àpótí ń wí.

Ọjọ́ ìparí pé. Oníṣẹ́-ọnà ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó ni ọwọ́ yóò wá, wọn yóò jókòó sórí àga wọn, iṣẹ́ náà yóò sì parí. Ọ̀gá Àgbà sọ ọ́ di ayẹyẹ. Ó pe àwọn oníròyìn rédíò, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kalẹ̀, èèyàn kún títí dé àtẹ̀gùn.

Ní òwúrọ̀, Bàbá Ìbejì wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù tó fẹ́ràn.

"Ṣé ẹ̀ ń bọ̀ wá wò mí ni?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Mo máa wà níbẹ̀."

Ìyàwó rò nínú ara rẹ̀ pé, ẹ wò ó, ọkọ mi ń fi mí yangàn. Ó tiẹ̀ bá a tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

Nígbà tí gbọ̀ngàn kún, Ọ̀gá Àgbà ní kí Àǹtí Alálàyé ṣe àga karùn-ún. Kò tíì ṣe é bẹ́ẹ̀ rí. Àlè wọlé pẹ̀lú ìborùn, ó jáde láìní ìborùn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Nígbà tó wá rọ ohùn sílẹ̀ tó ní, "Ìyàwó ló máa gbọ́ gbẹ̀yìn," obìnrin bàtà pupa bú sẹ́kún.

Oníṣẹ́-ọnà dìde. Kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ó ní kí àwọn tó ni ọwọ́ máa bọ̀.

Ẹni àga kìíní jáde. Àǹtí Alálàyé ti máa ń sọ pé ìyàwó tuntun tí ẹ̀rù ń bà ló ni ọwọ́ yẹn. Bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí wíwa ọkọ̀ ló wá jókòó. Ẹni àga kejì, tó pè ní opó tó ń gbàdúrà, ọ̀dọ́mọkùnrin agbábọ́ọ̀lù kan ni.

"Símẹ́ńtì yẹn tutù ni," ó sọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Mò ń fi ọwọ́ ra ara wọn."

Ẹni àga kẹta ní ara ń yún òun lọ́jọ́ náà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ti yí ojú padà, Àǹtí Alálàyé sì gbọ́ ọ. Ó di ẹ̀rín tirẹ̀ mú ṣinṣin. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín.

Lẹ́yìn ẹni àga kẹrin, ó wá kan àga karùn-ún. Gbogbo ọrùn nà. Ẹnikẹ́ni ò jáde.

Lẹ́yìn náà ni ṣẹ́ẹ̀tì búlúù kan la àárín èèyàn bọ̀, jẹ́jẹ́. Àǹtí Alálàyé rí ọkọ rẹ̀, ó rò pé ó ń bọ̀ wá kí òun kú iṣẹ́. Ó rìn pàdé rẹ̀, ó rọra sọ sí i létí.

"Bàbá Ìbejì, ẹ dúró ná. A ò tíì parí."

Bàbá Ìbejì yà fún un. Ó fa àga karùn-ún jáde, ó jókòó, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ tábìlì.

Àwọn tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀. "Ó bá a mu," ni ẹnì kan wí látìsàlẹ̀. "Àpá náà rèé."

Ìgbà yẹn ni Àǹtí Alálàyé rí àpá náà. Ó ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí wá, kò rí i. Epo gbígbóná ló dá a sílẹ̀. Nígbà tó lóyún àwọn ìbejì, agbada epo yẹ̀ lórí iná, ó ń bọ̀ lọ́nà ikùn rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì fi ọwọ́ lásán gbá a dànù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi oògùn pa ọwọ́ yẹn lójoojúmọ́ títí ó fi jinná, tó ń fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i. Òun náà ló sì dúró níwájú gbogbo ayé, tó ní àlè ló bù ú jẹ.

Obìnrin bàtà pupa gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àlè yín dà?"

Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. "Mi ò ní àlè. Èmi àti ìyàwó mi nìkan la wà nílé. Bí òun náà bá tiẹ̀ wà nílé, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀."

"Ta wá ni ìyàwó yín?"

Ọkùnrin náà kò dáhùn. Kò nawọ́ sí ẹnikẹ́ni, kò gbójú sókè. Ó bò ó láṣìírí. Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, ká ní Ọ̀gá Àgbà kò la ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Ṣebí ọkọ Àǹtí wa nìyí," ó ké pẹ̀lú ayọ̀. "Òun náà ló máa ń gbé agbòòrùn wá pàdé rẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀."

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, Àǹtí Alálàyé ì bá wọ ibẹ̀ láìbọ́ bàtà. Ó la ẹnu. Àlàyé tí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé, ẹyọ kan ò jáde.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ó rò pé wọ́n ti ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ rí i bí? Alálàyé fúnra rẹ̀ ti di iṣẹ́ ọnà." Gbogbo èèyàn bá tú ìpàtẹ́wọ́ sílẹ̀. Oníròyìn rédíò ń sọ pé òun ò rí eré tó jọ òótọ́ tó báyìí rí. Wọ́n ń yin ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Àǹtí Alálàyé, wọ́n ní ọ̀nà tó gbà la ẹnu láìsọ̀rọ̀ jinlẹ̀. Ọ̀gá Àgbà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ipò ti di tirẹ̀.

Bàbá Ìbejì dìde, ó ti àga padà sáyè rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nílé. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní, ó jáde. Wọ́n mú ìyàwó rẹ̀ dúró fún fọ́tò. Ó rẹ́rìn-ín nínú gbogbo wọn. Ó fi ọ̀kan hàn mí. Bí ẹ bá gé ẹnu yẹn kúrò tí ẹ so ó mọ́ okùn, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti òkè tábìlì.

Nígbà tó délé, àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, aṣọ ti wà nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ.

"Mo ti gbà pé mo máa lọ," ó ní. "Mo kọ̀wé sí wọn lánàá."

"Mo mọ̀ pé inú ń bí yín, torí pé ẹ rò pé..." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó dákẹ́. Ó fa àga, ó jókòó. "Kí ló ń ṣe yín, Bàbá Ìbejì?"

"Ṣé kí n sọ ọ́, àbí o fẹ́ sọ ọ́ fún mi?"

"Ẹ sọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Ó ní lọ́jọ́ tí òun lọ jókòó, Oníṣẹ́-ọnà ní kí òun máa rẹ́rìn-ín, kí òun rántí ìgbà tí òun ní ọ̀rọ̀ tí òun ò rí ẹni gbọ́ ọ. Ó ní ẹ̀rín yẹn ò nira fún òun rárá, ó ti mọ́ òun lára. Òun ò mọ ohun tí ọwọ́ òun ń ṣe nísàlẹ̀.

"Mo fẹ́ràn ìrìnàjò," ó ní. "Kí n tó fẹ́ ọ, mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi tí mi ò mọ ẹnì kan. Mo fẹ́ ká jọ lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn. Ní báyìí, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì fẹ́ ẹni tó máa bá mi lọ."

Àlàyé mẹ́wàá sáré wá sí ẹnu Àǹtí Alálàyé. Ó gbé wọn mì. Ó wo ìsàlẹ̀, sí itan ara rẹ̀, ó rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ti ki àtàǹpàkò bọ inú ẹ̀ṣẹ́, ó dì í pinpin. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ ìgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó kó wọn jáde, ó gbé wọn sórí tábìlì níwájú ọkọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe wà gẹ́lẹ́.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí ẹ fi mí sílẹ̀. Mi ò ní àlàyé kankan, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bínú."

Bàbá Ìbejì wo ọwọ́ náà pẹ́. Kò rẹ́rìn-ín.

"Kò dáa, Ìyá Ìbejì," ó ní. "Ohun tí o ṣe kò dáa. Inú ń bí mi gan-an."

Àǹtí Alálàyé sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí òun ti wọ ilé ọkùnrin náà, òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n jókòó síbẹ̀, ọkọ ń bínú, ìyàwó ń gbọ́.

Bàbá Ìbejì dá lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ń pè é, ó ń bi í ní ìbéèrè, ó ń dúró de ìdáhùn títí fóònù á fi máa dákẹ́ láàárín wọn. Nígbà tó yá, ọkọ ní kó máa bọ̀. Ó fi ipò Olórí Alálàyé sílẹ̀, ó kó ẹrù tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà ní òun lóye, ó ní fífi ipò sílẹ̀ náà jẹ́ apá kan iṣẹ́ ọnà náà.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, "A Dúpẹ́" rìn títí dé ìlú tí wọ́n wà. Tọkọtaya san owó ìwọlé bí gbogbo èèyàn. Alálàyé ibẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ kóòtù tó há mọ́ ọn. Nígbà tó dé àga karùn-ún, ó rọ ohùn sílẹ̀, ó ní ọwọ́ apànìyàn ni, ó ní kí wọ́n wo bó ṣe fún nǹkan lọ́rùn pinpin.

Bàbá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ó-dáa-bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ ti ògiri, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, tí àwọn èèyàn ń wò ó. Ìyàwó rẹ̀ ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn láti ẹnu rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ.

Inú Alálàyé kò dùn. Ó yíjú sí obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sídìí àga karùn-ún, tó ká aṣọ funfun sókè, tó ń wo ìsàlẹ̀ tí kò sọ nǹkan kan.

"Ẹ̀yin, Mà, kí ni ẹ̀yin rí níbẹ̀?"

"Ọwọ́ ọkọ mi," ó ní.